Ṣòkòtò Alábùlẹ̀ Olódòdó

Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kejì

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnira etí tó ń yọ yín lẹ́nu. Àbúrò mi sọ fún mi pé etí òsì ti wúwo ju ti ọ̀tún lọ báyìí, pé bí fóònù bá ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ máa ń rò pé ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń kùn. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Kò burú. Bí a ò bá lè sọ ọ́ lórí fóònù, a ó máa kọ ọ́. Ẹ kọ tiyín sínú ìwé bó ṣe mọ́ yín lára, kí àbúrò mi fi fóònù yà á kó fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà á máa kọ tèmi sórí fóònù rẹ̀, kí ẹ lè máa kà á.

Níbí, à ń gbìyànjú. Ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ṣì wà bó ṣe wà. Mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì máa ń dúró títí ẹsẹ̀ mi á fi wú nínú bàtà. Mò ń gbé wọn dìde, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn wọn. Inú bọ́ọ̀sì tí mo máa ń wọ̀ bọ̀ wálé ni mo ti ń kọ búlọ́ọ̀gù wa. Nígbà mìíràn oorun á gbé mi lọ láàárín gbólóhùn. Bí mo bá jí, màá rí i pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni ìka mi ti ń tẹ̀ títí tó fi kún ojú fóònù.

Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀gù yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Màámi, ẹ má bínú, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ wa sórí ayélujára, àwọn tó ń wò wá ò pọ̀ rárá. Ẹ̀bi mi kọ́. Gbogbo àwòrán tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́, aṣọ tí ẹ ti lọ̀, tí ẹ ti ká, tí ẹ tò jọ bíi búrẹ́dì ni. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ dúró wo aṣọ tó mọ́? Gbogbo alágbàfọ̀ ló ní irú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹ tó ki aṣọ bọ omi, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi ya èyí tó bá dọ̀tí jù nínú wọn. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, kó tún un yà. Ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, kí n lè rí bí iṣẹ́ yín ṣe rí. Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ má gbé ohun tó wúwo.

Èmi ọmọ yín,
Akọ̀wé


Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kejì

Akọ̀wé mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó wú, mo sì kí àwọn arúgbó ọwọ́ rẹ. Ki ẹsẹ̀ náà bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ní iyọ̀ nínú. Mo mọ̀ pé o ò ní ṣe é, àmọ́ mo ti sọ ọ́, kò sí lọ́rùn mi mọ́.

Àwa náà wà. Orúnkún mi kì í jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ́ mọ́, nítorí náà àbúrò rẹ ló ń dúró ti ẹ̀rọ, èmi ń ṣe ti áyọ́ọ̀nù àti àbàwọ́n. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ti tún ń rìn. Bó bá ti ń fún aṣọ, á máa gbọ̀n lọ títí dé ẹnu ọ̀nà, àfi kí àbúrò rẹ tún tì í padà. Oníbàárà kan ní ó jọ pé ẹ̀rọ náà fẹ́ fi wá sílẹ̀. Mo ní kó má lọ, ó di ọjọ́ tí èmi náà bá rí ibi lọ.

Àbúrò rẹ ka búlọ́ọ̀gù rẹ fún mi. O kọ̀wé dáadáa, àmọ́ ẹnu tí o ní ó jẹ́ tèmi níbẹ̀ kò jọ ẹnu mi. Ìgbà wo ni mo sọ pé aṣọ funfun dà bí ọ̀rẹ́ tó yẹ ká máa kẹ́? Obìnrin kan wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ kí òun fi etí òun gbọ́ ọ. Mo ní kó gbé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ. Bó o bá tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, kọ́kọ́ bi mí léèrè bóyá mo lè gbé e mì.

Ní ti àwòrán tí o ní ká fi ránṣẹ́, mi ò kọ́kọ́ fẹ́. Àmọ́ o ní o fẹ́ rí bí iṣẹ́ wa ṣe rí, mo wá rò ó pé àárò iṣẹ́ ilé ló ń sọ ọ́. Àbúrò rẹ ti ya ṣòkòtò kan. Ó le, mo kìlọ̀ fún ọ. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi bá a ṣe é. Omi tútù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí omi gbígbóná á jẹ́ kí àbàwọ́n náà wọnú aṣọ lọ, kí n tó fi ọṣẹ sí i, kí n tó wá sá a sí oòrùn. Wo bó ṣe mọ́. Mi ò ní sọ ẹni tó ni ín, ìwọ náà má béèrè. Ọmọ ilé ni mo fi ń hàn o, kó mọ sínú ilé.

Máa jẹun. Máa kọ̀wé.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta

Màámi,

Ẹ kú oríire o. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tí màá ti sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ mi ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀la.

Ṣòkòtò yẹn ti sọ wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Mo to àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹni tó ni ṣòkòtò yìí, ẹ kú ewu o. Màmá mi ti gbà yín." Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe. Kí n tó parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ti ń pín in kiri. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń béèrè àdírẹ́sì wa. Àwọn tó ka búlọ́ọ̀gù wa láàárín ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ju gbogbo àwọn tó ti ń kà á láti ọjọ́ tí mo ti dá a sílẹ̀ lọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé máníjà òtẹ́ẹ̀lì tuntun tó wà lójú títì ńlá kọ̀wé sí mi. Ó ní òun rí ṣòkòtò náà, òun sì ń wá ibi tí àwọn á máa kó aṣọ ìbùsùn àwọn lọ. Màámi, òtẹ́ẹ̀lì. Ó ń bọ̀ wá wo ṣọ́ọ̀bù kí oṣù yìí tó parí.

Ẹ bá mi wá irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ sí i. Bó bá burú ju ìyẹn lọ, ó tún dáa.

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ dìde.

Akọ̀wé yín


Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹta

Akọ̀wé,

Mo kí ọ. Yọ ṣòkòtò yẹn kúrò. Kó o tó ka ìyókù lẹ́tà yìí, lọ yọ ọ́, lẹ́yìn náà kó o padà wá kà á.

Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ gbé e síta. Mo rò pé ìwọ ni mo fi ń hàn. Àbúrò rẹ náà ní òun rò pé èyí tó mọ́ nìkan lo máa lò. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ló ni ín. Bàbá Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ́ ọ níwèé, tí wọ́n di ọwọ́ rẹ mú nígbà tí o ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di kálámù mú. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀, Bàbá fúnra wọn sì ti rí i lónìí yìí.

Mi ò lè kọ jù báyìí lọ, mò ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Fèsì fún mi lónìí.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta

Màámi,

Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì. Ẹni méjì ò wá síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n fi dí àlàfo wọn. Bí mo bá délé, bàtà ni mo máa ń wọ̀ sùn.

Ó dùn mí pé Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ló jẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú àwòrán yẹn. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan, èmi fúnra mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ni ín. Ṣòkòtò kaki lásán ni, ó sì pọ̀ káàkiri ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ pé tiwọn ni, á jẹ́ pé ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́ síta. Ẹ bi àbúrò mi léèrè, ẹ mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Bí mo bá tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò, àwọn èèyàn ti tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù tiwọn, yíyọ tí mo bá yọ ọ́ ò ní yọ ọ́ níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé máníjà òtẹ́ẹ̀lì wá wò ó lọ́la tí kò bá a mọ́, kí ni màá sọ? Ẹ fún mi títí di ìparí oṣù. Bó bá ti fọwọ́ sí ìwé, màá yọ ọ́.

Màámi, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ní ọ̀rẹ́ níbí. Èmi kì í lọ síbì kankan. Búlọ́ọ̀gù yìí nìkan ni ohun tí mò ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ tó ń jẹ́ kó dà bíi pé mo ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú yín. Ìgbà tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọrí sí nǹkan, ìgbà náà lẹ ní kí n wó o palẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta

Akọ̀wé,

Mo kí ọ, kò sì yá mi lára láti kí ọ lónìí.

Àbúrò rẹ sunkún nígbà tó ka ohun tí o kọ nípa rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ jáde níbí. Ìwọ lo ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé o rántí pé a kì í kọ orúkọ oníbàárà sára aṣọ? Òwú la máa ń so mọ́ ọn nínú, oníkálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ ẹni tó ni àwọ̀ wo. Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún ọ pé kí ẹni tó bá wá gba aṣọ tirẹ̀ má baà mọ̀ nípa ti ẹlòmíràn ni. Alágbàfọ̀ máa ń rí ohun tí dókítà ò tíì rí. Mo ti mọ aboyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Mo ti mọ ọkùnrin tó ń sunkún sínú ìrọ̀rí. Mi ò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún bàbá yín títí wọ́n fi kú.

O ní ṣòkòtò náà ò ní ojú. Ó ní. Lọ wo orúnkún rẹ̀ dáadáa, wàá rí àbùlẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó ní òdòdó wẹ́wẹ́. Ìyàwó Bàbá ló fi ọwọ́ rán an, ara búláòsì tirẹ̀ ló ti gé e, lọ́dún tó kú. O ti lọ nígbà yẹn, o ò lè mọ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò, torí gbogbo wa la fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé àgbà tó ń gbé òdòdó sórí orúnkún, kí ló kù tí wọn ò ní ṣe. Wọ́n á ní ìyàwó àwọn ló fẹ́ kí àwọn máa rí òun bí àwọn bá ti ń jókòó. Láti ìgbà tó ti kú, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í wọ̀ ọ́.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ara Bàbá ò gbọ́ tiwọn mọ́. Èmi nìkan ni wọ́n jẹ́ kó mọ̀. Wọ́n á di aṣọ tí wọ́n bá ti bà jẹ́ sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á bi mí nípa orúnkún mi. Èmi náà á gba ọ̀rá náà bíi pé ìwé ìròyìn ló wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Nígbà tí àwòrán rẹ wá jáde, àwọn géńdé tó máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: "Ẹ kú ewu o, sà." Bàbá ti ṣubú nínú balùwẹ̀ ní bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, wọ́n wá rò pé àwọn ọmọ náà gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Wọ́n ń dá wọn lóhùn. Wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń ṣí fìlà, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ọpẹ́ ni, ẹ ṣeun." Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ni àwọn yẹn ń ṣubú lu ara wọn fún ẹ̀rín. Bàbá tiẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣì ní ẹ̀kọ́ ilé, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kí àwọn. Mi ò fura. Onígbàjámọ̀ ni kò lè wò ó mọ́. Lọ́jọ́ tí Bàbá wá gẹ irun, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi fóònù hàn wọ́n.

Ó ní wọ́n wò ó. Wọ́n bọ́ jígí, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n béèrè ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Ó ní ìwọ ni. Ni wọ́n bá dìde pẹ̀lú irun tí wọn ò tíì gẹ̀ parí, wọ́n lọ sílé.

Mo ti lọ kan ilẹ̀kùn wọn, wọn ò dáhùn. Mo rí aṣọ tí wọ́n sá sí fèrèsé ẹ̀yìn. Wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ fúnra wọn báyìí, kò sì mọ́.

Ìbéèrè kan ni mo ní fún ọ. Àwọn arúgbó tí ò ń pààrọ̀ aṣọ fún níbẹ̀ yẹn, ṣé o máa ń ti ilẹ̀kùn kó o tó ṣe é?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹrin

Akọ̀wé mi,

Mo kí ọ. Mo tún kí ọ. Mo ti kọ lẹ́tà méjì sí ọ tí mo fà ya, torí ìbínú ló kún inú èkíní, ẹ̀bẹ̀ ló kún inú èkejì, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ mi níbẹ̀.

Àbúrò rẹ ní ṣòkòtò náà ti kúrò, pé ọjọ́ kejì tí mo kọ̀wé sí ọ ló ti kúrò. O ṣeun. Àmọ́ o ò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tẹ̀lé e. O ò kọ nǹkan kan sórí búlọ́ọ̀gù. Àbúrò rẹ pè ọ́, o ò gbé e. Ṣé ara rẹ le? Ṣé mo ti sọ̀rọ̀ jù ni? Mo máa ń mú fóònù àbúrò rẹ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù, kí ojú mi lè wà lára rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ aṣọ. Mo ti jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan nítorí rẹ̀.

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ò tíì jáde. Onígbàjámọ̀ lọ bá wọn nílé pé kí òun parí irun náà, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó padà wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń wo ẹ̀rọ. Mo gbé ọṣẹ tó dáa sí ẹnu ọ̀nà Bàbá, mi ò kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo máa fi padà kọjá, wọ́n ti mú un wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kí wọn mọ́. Gbogbo "ẹ kú" tó bá wá sí mi lẹ́nu ló máa ń dà bíi pé a ti bà á jẹ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Bó bá ń ṣe ọ́ bíi kó o tọrọ àforíjì lórí búlọ́ọ̀gù, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì rí àwòrán náà á lọ wá a nítorí ohun tí o bá kọ.

Kọ̀wé sí mi. Bó jẹ́ pé ò ń bínú ni, kọ ìbínú náà. Etí mi ló di, ojú mi ṣì ń ríran.

Ìyá rẹ


Ogúnjọ́, Oṣù Kẹrin

Màámi,

Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Ara mi le. Ojú ló ń tì mí.

Ẹ bi mí bóyá mo máa ń ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń tì í. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa níbí nìyẹn. Mo ka lẹ́tà yín tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú bí mi sí yín, mo sì wọlé sẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Arúgbó kan wà tí à ń pè ní Ọ̀gá Ojú-irin, torí ọkọ̀ ojú irin ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Òun ni mo kọ́kọ́ bá. Ó ti ba aṣọ ara rẹ̀ jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mò ń dá yín lóhùn nínú ọkàn mi. Ó ní, "Ti ilẹ̀kùn." Mi ò wo ẹ̀yìn, mo ní kò sí ẹnì kankan níta. Ó ní, "Èmi wà níbí."

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo parí ohun tí mò ń ṣe. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti yọ àwòrán náà kúrò, kí n tó yọ ọ́, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, mo rí òdòdó náà. Wọ́n kéré, wọ́n lẹ́wà. Ibi tí mo ti ń wo ìdọ̀tí lójoojúmọ́ ni mi ò ti rí wọn.

Mo ti kọ́kọ́ kọ àforíjì gígùn sórí búlọ́ọ̀gù, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí lẹ́tà yín dé. Mo pa á rẹ́. Mo wá kọ̀wé sí Bàbá fúnra wọn, mo fi kálámù kọ ọ́, mo sì fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Mi ò sọ fún wọn pé mi ò mọ̀. Mo ní ìkọ̀wé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ mi, òun náà ni mo fi dójú tì wọ́n. Mo ní kí wọ́n má dá mi lóhùn bí kò bá wù wọ́n. Mo sọ fún máníjà òtẹ́ẹ̀lì náà pé àwòrán yẹn ò sí mọ́, kò sì ní padà wá, pé bó bá fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń fọṣọ, kó gbé aṣọ wá kó wò ó.

Mo ti ti búlọ́ọ̀gù pa. Mi ò mọ ohun tí màá máa ṣe nínú bọ́ọ̀sì báyìí. Mo kàn máa ń wo ìta. Oorun tó máa ń gbé mi lọ láàárín gbólóhùn nígbà yẹn kò wá mọ́, àní lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bá mi bẹ àbúrò mi. Mo parọ́ mọ́ ọn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Karùn-ún

Akọ̀wé mi,

Mo kí ọ dáadáa lónìí. Mo pẹ́ kí n tó fèsì nítorí pé mò ń dúró de ohun tí màá sọ. Àbúrò rẹ ní òun ti gbọ́, pé kó o ra bàtà kan fún òun, òun á gbàgbé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé.

Òtẹ́ẹ̀lì náà ti ń kó aṣọ wá. Máníjà náà béèrè ṣòkòtò yẹn lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo na etí tó di sí i, mo ní mi ò gbọ́. Ó tún un sọ, mo ní mi ò gbọ́. Ó fi aṣọ ìbùsùn sílẹ̀, ó lọ. A gbà á torí ó yẹ ká jẹun, ẹ̀rọ kékeré náà sì ti di alárìnkiri pátápátá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo bá ọ̀rá dúdú nílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó tú u. Aṣọ Bàbá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo èyí tí wọ́n ti ń dá fọ̀ láti ìgbà yẹn, ṣòkòtò kaki náà sì wà nísàlẹ̀. Akọ̀wé, wọ́n ti tú àbùlẹ̀ náà. Wọ́n tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn ò fà á ya. Ihò abẹ́rẹ́ tí ìyàwó wọn gún wà yí ibẹ̀ ká, aṣọ tó wà nínú rẹ̀ ò tíì rí oòrùn rí, ó dúdú ju ìyókù lọ. Ṣòkòtò náà ti wá dà bí ti ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo gbé e sórí ẹsẹ̀, mo sunkún.

O mọ̀ pé a kì í ki aṣọ bọ omi láìwo àpò rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo bá àbùlẹ̀ náà níbẹ̀, wọ́n ká a. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni àbí èmi ni wọ́n fi sí i fún. Àbúrò rẹ ní kí a rán an mọ́ orúnkún padà. Mo ní rárá. Ohun tí a bá bá nínú àpò, a máa ń dá a padà sínú àpò ni, a kì í béèrè. Mo dá fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo ká a bí wọ́n ṣe ká a, mo dá a padà.

Wọ́n fúnra wọn ló wá gbà á lánàá. Wọ́n ti gẹ irun wọn. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá." Mo nawọ́ aṣọ sí wọn. Ojú mi ni wọ́n ṣe ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò náà. Ọwọ́ wọn ò kúrò nínú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àbùlẹ̀ náà. Wọ́n sún mọ́ etí mi ọ̀tún kí n lè gbọ́, wọ́n ní, "Ìwé ọmọ yẹn ti dé ọwọ́ mi. Ṣé ó ń sùn?"

Mo ní kì í sùn.

Wọ́n ní, "Ẹ ní mo ní kó sùn." Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Bó bá wù ọ́, ṣí búlọ́ọ̀gù rẹ padà. Kọ nípa omi tútù, kọ nípa oòrùn. Fi ẹnu ara rẹ kọ ọ́. Aṣọ tó mọ́ nìkan la ó máa fi ránṣẹ́ sí ọ, bí kò bá wu ẹnikẹ́ni láti wò ó, ìwọ á wò ó.

Gbogbo ìgbà ni mo máa ń ní kó o tètè fèsì. Èyí, má fèsì rẹ̀. Gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá ní kó o sùn.

Ìyá rẹ